Ọkọ mi ọmọ Texas dé Jámánì: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìyàwó Texas (Stuttgart)

Ẹ kú ilé o, gbogbo ẹ̀yin ará wa ní Jámánì, ẹ sì kú otútù. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Stuttgart láti Houston ni. Ilé iṣẹ́ ọkọ mi ló gbé e wá síbí. Ọmọ Amẹ́ríkà gidi ni, Texas ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, kò sì gbé ìlú mìíràn rí láyé rẹ̀. Èèyàn ọlọ́yàyà ni, gbogbo ẹni tó bá rí ló ń kí, gbogbo ẹni tó bá kí ló ń bá sọ̀rọ̀. Èmi fẹ́ràn ìwà yẹn gan-an, mi ò sì fẹ́ kí ìlú yìí gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí mò ń wá ni bí a ó ṣe máa gbé níbí ní àlàáfíà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nínú ohun tójú wa ti rí. Ní Sọ́ńdè tá a kọ́kọ́ lò nínú fúláàtì wa, ọkọ mi gbé dírílì jáde, ó fẹ́ gbé àwòrán kọ́ sára ògiri pálọ̀. Kò tíì lu ihò kan já tí agogo ẹnu ọ̀nà fi dún. Màmá àgbàlagbà tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ wa ni, aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò pariwo. Ó nàka sí dírílì, ó ní "Sonntag," ìyẹn Sọ́ńdè lédè wọn. Ọkọ mi bọ màmá lọ́wọ́, ó sọ orúkọ ara rẹ̀ fún un, ó ní inú òun dùn láti mọ̀ ọ́n, kó jọ̀ọ́ kó wọlé wá mu kọfí. Màmá wò ó, ó wo èmi náà, ó tún ní "Sonntag," ó sì sọ̀kalẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, a bá páálí kékeré kan tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀kùn wa, wọ́n kọ Kehrwoche sí i. Ọkọ mi ní ẹ̀bùn ìkíni-káàbọ̀ ni, pé àwọn ará ilé ti fẹ́ràn wa. Ó gbé e wọlé, ó gbé e sórí tẹlifíṣọ̀n.

Nínú ọkọ̀ ojú irin ńkọ́? Ó jókòó ti bàbá kan ní Vaihingen, ó sì bi í pé báwo ni nǹkan. Bàbá yẹn bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ronú díẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé orúnkún rẹ̀ tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ohun tí dókítà wí, ohun tí dókítà kejì wí, títí a fi dé Hauptbahnhof, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá àárín ìlú. Nígbà tá a fẹ́ bọ́ sílẹ̀, bàbá náà wá bi ọkọ mi pé, "Ìwọ ńkọ́?" Ọkọ mi ní dáadáa ni. Ojú bàbá yẹn fi hàn pé ìdáhùn náà kéré sí ohun tó retí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló yẹ ká tètè mọ̀? Èmi náà ti gba ìwé ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, nítorí náà ọ̀rọ̀ owó orí kan àwa méjèèjì. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ bá mọ̀, mo fẹ́ túmọ̀ rẹ̀ fún un ní alẹ́.

Ìyá Ìbejì (Ludwigsburg)

Ìyàwó wa, ẹ kú àbọ̀. Ọlọ́run á jẹ́ kí ilẹ̀ ibẹ̀ tù yín lára. Ẹ yára gbé páálí yẹn kúrò lórí tẹlifíṣọ̀n, kí ẹ sì wá ìgbálẹ̀!

Ní agbègbè Württemberg tá a wà yìí, àwọn tó jọ ń gbé ilé kan máa ń pín iṣẹ́ ìmọ́tótó láàárín ara wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun ni wọ́n ń pè ní Kehrwoche. Ẹni tí páálí bá wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, òun ló kàn. Ẹ ó gbá àtẹ̀gùn, ẹ ó nù ún, ẹ ó gbá iwájú ilé àti ibi tí garawa ìdọ̀tí wà. Ní àwọn ilé kan, ó kan ọ̀nà abẹ́ ilé náà. Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, ẹ gbé páálí náà lọ sára ilẹ̀kùn ẹni tó kàn. Bí ó bá wà lọ́dọ̀ yín títí, a jẹ́ pé ẹ̀yin náà lẹ ó máa gbálẹ̀ títí, tàbí kí gbogbo ilé máa wá páálí wọn kiri.

Ọkọ yín máa sọ pé ilẹ̀ mọ́, kí ni kóun gbá. Ẹ ní kó gbá a bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà nílé tí ìyá yín ti ń jí yín ní ìdájí láti gbá àgbàlá tẹ́ ẹ gbá lánàá, ẹ lè ṣàlàyé ẹ̀ fún un ju èmi lọ. Àti pé kò yẹ kẹ́ ẹ ṣe é ní kọ̀rọ̀. Sátidé lówùúrọ̀ tí gbogbo ilé bá wà nílé, tí wọ́n ń kọjá lọ ra búrẹ́dì, ni èmi máa ń ṣe tèmi. Ibi tí mo ti ń gbá àtẹ̀gùn ni mo ti mọ gbogbo aládùúgbò mi. Bí ọkọ yín bá fẹ́ ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, kó di ìgbálẹ̀ mú.

Lásìkò òtútù, sínóò wà nínú rẹ̀ o. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, iwájú ilé gbọ́dọ̀ ti ṣeé rìn ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Bí ẹnì kan bá yọ̀ ṣubú níbẹ̀, ọ̀rọ̀ lè di ti lọ́yà.

Ní ti Sọ́ńdè: kì í ṣe pé màmá yẹn kórìíra yín. Ìsinmi ọjọ́ Àìkú wà nínú òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè yìí. Inú òfin ìpìlẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ṣe ní ìlú Weimar ní 1919 ló ti wá, wọ́n sì gbé e sínú èyí tí wọ́n ń lò láti 1949. Kò sí dírílì, kò sí ẹ̀rọ ìgékoríko, kò sí pé à ń ju ìgò sínú kọ́ńtínérì. Láti aago mẹ́wàá alẹ́ sí mẹ́fà àárọ̀, àlàáfíà ni lójoojúmọ́. Ṣọ́ọ̀bù náà máa ń tì ní Sọ́ńdè. Ilé búrẹ́dì a máa ṣí fún wákàtí díẹ̀, ilé epo ń ṣí, àwọn ṣọ́ọ̀bù inú ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ń ṣí, ṣùgbọ́n wọ́n wọ́n. Ẹ ra ata àti omi yín ní Sátidé.

Ẹ wá se nǹkan díẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e fún màmá ìsàlẹ̀. Àkàrà dára. Ẹ má gbé e lọ ní Sọ́ńdè ní ọ̀sán nígbà tó ń sùn.

Bàbá Ológun (Kaiserslautern)

Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà, ibí ni mo sì jókòó sí. Ramstein, ibùdó ọkọ̀ òfuurufú ológun Amẹ́ríkà, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, nítorí náà àwọn ọmọ Amẹ́ríkà pọ̀ ní agbègbè yìí bí nǹkan míì. Stuttgart tiyín náà ò gbẹ́yìn: EUCOM, olú ilé iṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà fún Yúróòpù, wà ní Patch Barracks ní Vaihingen, AFRICOM, èyí tó wà fún Áfíríkà, sì wà ní Kelley Barracks ní Möhringen. Ọkọ yín máa rí ará ilé bá ṣeré, ṣùgbọ́n kó má jẹ́ àwọn nìkan ni yóò mọ̀.

Ìdọ̀tí ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀rẹ́ mi kan, ọmọ Georgia, da gbogbo ìdọ̀tí ọ̀sẹ̀ kan sínú nylon dúdú kan ṣoṣo, ó sọ ọ́ sínú garawa tó wà nítòsí jù. Nígbà tó dé láti ibi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, nylon ti padà sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọ́n tún un dì dáadáa, ìwé kan wà lórí rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ti tú ẹrù yẹn wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó sì kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó fa ìlà, ó kọ garawa tó yẹ sí iwájú rẹ̀. Awọ ọ̀gẹ̀dẹ̀: búráùn. Páálí bísíkíìtì: búlúù. Ike yoghurt: yẹ́lò, ṣùgbọ́n kí a kọ́kọ́ ya ìdérí rẹ̀ kúrò. Ó parí rẹ̀ pẹ̀lú ìkíni. Ọ̀rẹ́ mi bínú fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ló bá lẹ ìwé náà mọ́ ara fíríìjì, òun ló sì ń lò títí tó fi padà sí Georgia. Mi ò tíì rí ẹ̀kọ́ tó dáa tó bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí ní ọ́fíìsì kankan.

Ní kúkúrú: ìwé àti páálí nínú búlúù, ike, agolo àti ohun tí wọ́n fi di ẹrù nínú àpò tàbí garawa yẹ́lò, èèpo iṣu, èso àti ohun tó ń jẹrà nínú búráùn, èyí tó ṣẹ́kù nínú dúdú. Àwọ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀ láti ìlú sí ìlú, torí náà ẹ gba ìwé ti ìlú yín. Ìgò tí kò ní owó ìdápadà, kọ́ńtínérì àdúgbò ni: funfun, búráùn, àwọ̀ ewé. Ìgò aláwọ̀ búlúù, inú àwọ̀ ewé ni kẹ́ ẹ jù ú sí.

Èyí tó ní owó ìdápadà, tí wọ́n ń pè ní Pfand, ẹ má ju ú nù. Ike omi àti agolo tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan, 25 sẹ́ńtì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgò bíà, 8 sẹ́ńtì. Ọ̀pọ̀ ìgò omi àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n ń fọ̀ tún lò, 15 sẹ́ńtì. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti onílílò-ẹ̀ẹ̀kan ní 2003, ní 2024 ni wọ́n mú mílíìkì inú ike mọ́ ọn. Súpámákẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ti ń rajà ní ẹ̀rọ tó ń gbà á. Ẹ má tẹ ike náà pẹ̀kẹ̀tẹ̀, nítorí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ rí àmì ara rẹ̀ kà. Bẹ́ ẹ bá mu nǹkan níta tẹ́ ò fẹ́ gbé ìgò rẹ̀ délé, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa, ẹ má gbé e sínú rẹ̀. Àwọn arúgbó àti aláìní ń ṣà wọ́n jọ, kò yẹ ká mú kí wọ́n máa tọwọ́ bọ ìdọ̀tí nítorí 25 sẹ́ńtì.

Ọmọ Ṣàgámù (Berlin)

Ẹ forí jì mí, ẹ̀yin àgbà, ṣùgbọ́n mi ò lè gba gbogbo ẹ̀ mọ́ra. Nílé tí mo gbé tẹ́lẹ̀, aládùúgbò kan máa ń jáde sójú fèrèsé nígbàkigbà tí mo bá ń da ìdọ̀tí nù. Òyìnbó tá a jọ ń gbé da tiẹ̀ nù bó ṣe wù ú, kò sẹ́ni tó wò ó. Ṣé ìyẹn náà jẹ́ ìmọ́tótó?

Ìyá Ìbejì (Ludwigsburg)

Àbúrò mi, mi ò ní sọ pé irọ́ ni. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà. Ọ̀nà tí mo fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ nìyí: gbogbo ilé ló ní ìwé òfin ilé, Hausordnung, ó sábà máa ń wà lára ìwé àdéhùn tàbí lára ògiri ìsàlẹ̀. Bí ẹnì kan bá bá mi wí, mo máa ń lọ wò ó. Bí ohun tó sọ bá wà níbẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ fún gbogbo èèyàn, mo gbà, mo dúpẹ́. Bí kò bá sí níbẹ̀, tàbí tó jẹ́ èmi nìkan ló ń sọ ọ́ fún, mo máa ń kọ ọjọ́, aago àti ohun tó sọ sílẹ̀, mo sì máa kọ lẹ́tà sí onílé. Òfin tí wọ́n ṣe ní 2006 kò fàyè gba kí wọ́n fi ẹ̀yà tàbí àwọ̀ dá èèyàn lóró nínú ọ̀rọ̀ ilé àti iṣẹ́. Antidiskriminierungsstelle des Bundes, ọ́fíìsì ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí irú ọ̀rọ̀ yìí, ń gbani nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Kehrwoche bojú láti fi ìwọ̀sí lọ̀ yín.

Ọmọ Ṣàgámù (Berlin)

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Akáǹtì Frankfurt

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n mú ti ìwé, torí ó ní ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ pé.

Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ lọ fi orúkọ sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìlú. Anmeldung ni wọ́n ń pè é. Onílé gbọ́dọ̀ fún yín ní ìwé tó fọwọ́ sí pé lóòótọ́ lẹ kó wọlé. Ìwé yẹn ló ń ṣí gbogbo ilẹ̀kùn yòókù: báńkì, íntánẹ́ẹ̀tì, ìwé ìgbélùú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni nọ́ńbà owó orí yín, oníye 11, yóò dé sínú àpótí lẹ́tà. Nítorí náà, ẹ tètè lẹ orúkọ yín mọ́ àpótí yẹn. Bí orúkọ kò bá sí níbẹ̀, alálẹ́tà yóò gbé e padà.

Wọ́n á bi yín ní ẹ̀sìn lórí fọ́ọ̀mù. Ẹ má rò pé wọ́n kàn fẹ́ mọ̀ yín ni. Ẹni tó bá kọ Kátólíìkì tàbí evangelisch, ìyẹn Pùròtẹ́sítáǹtì, owó ṣọ́ọ̀ṣì yóò máa jáde nínú owó oṣù rẹ̀: ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún owó orí rẹ̀ ní Baden-Württemberg àti Bavaria, ìdá 9 níbòmíràn. Ọ̀rẹ́ mi kan láti Chicago rí i lórí ìwé owó oṣù rẹ̀, ó ní òun ò tíì wọ ṣọ́ọ̀ṣì kankan láti ìgbà tóun ti dé, báwo ni wọ́n ṣe gbé igbá ọrẹ bá òun ní ọ́fíìsì. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ san án, ó dára, ó ń ṣe iṣẹ́ rere. Ẹ ṣáà mọ ohun tẹ́ ẹ ń fọwọ́ sí.

Lẹ́tà owó rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ńkọ́? 18.36 yúrò lóṣù ni fún ilé kọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà máa ń rò pé jìbìtì ni, wọ́n á jù ú nù. Ọ̀rẹ́ mi kan náà kọ lẹ́tà padà, ó fi sùúrù ṣàlàyé pé òun ò ní tẹlifíṣọ̀n, òun ò sì gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ níbẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀ gidi, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi nọ́ńbà àkáǹtì tí yóò san owó náà sí ránṣẹ́ sí i. Kò sọ́nà àbáyọ níbẹ̀. Ẹ san án.

Ní ti Amẹ́ríkà: ọmọ onílùú Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ máa kọ ìwé owó orí sí wọn níbikíbi tó bá ń gbé láyé. Ẹni tó ń gbé òkè òkun ní títí di June 15 láìtọrọ àyè, ṣùgbọ́n bí gbèsè bá wà, èlé ń ka láti April. Ọ̀pọ̀ wa kì í san nǹkan kan lẹ́yìn tí a bá ka owó orí Jámánì mọ́ ọn, síbẹ̀ ìwé náà pọn dandan. Èkejì ni FBAR: bí àpapọ̀ owó inú gbogbo àkáǹtì yín lókè òkun bá kọjá 10,000 dọ́là, ì báà jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún, ẹ gbọ́dọ̀ jábọ̀ rẹ̀. Àkáǹtì yín ní Nàìjíríà wà nínú rẹ̀ o! Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará wa ti ń gbàgbé. Nítorí FATCA, òfin Amẹ́ríkà ti 2010 tó ní kí báńkì òkè òkun máa jábọ̀ àkáǹtì àwọn ọmọ Amẹ́ríkà, báńkì níbí máa bi yín bóyá ẹ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, àwọn mìíràn kò sì ní gbà kẹ́ ẹ ṣí àkáǹtì ìdókòwò rárá. Ẹ má fi pamọ́ fún wọn.

Bó bá pẹ́ tẹ́ ẹ ti ń gbé níbí, láti June 27, 2024 ni Jámánì ti gbà kí èèyàn di ọmọ ilẹ̀ wọn láìkọ ti tẹ́lẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Ìyàwó Texas (Stuttgart)

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Ọkọ mi ti gbálẹ̀. Ó gbá a dé iwájú ilé kejì, wọ́n ní kó dá a dúró níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ mìíràn rèé. Nínú ìwé ilé wa, wọ́n ní ká máa ṣí gbogbo fèrèsé gbayawu lójoojúmọ́, títí kan ìgbà òtútù. Ọkọ mi kò gbà. Ní Texas, bàbá rẹ̀ máa ń pariwo mọ́ ọn nígbà ọmọdé pé kò lè máa fi owó iná òun tu gbogbo àdúgbò lára. Ó ti wá di pé bí mo bá ṣí fèrèsé, ó ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ń tì í. Àti ti ọkọ̀: láísẹ́ǹsì Texas ló ní. Ṣé ó lè máa wà?

Awakọ̀ Munich

Orí yín gbé e! Ìpínlẹ̀ tí láísẹ́ǹsì ti wá ló ń pinnu gbogbo rẹ̀. Oṣù mẹ́fà ló lè fi wa ọkọ̀ pẹ̀lú ti Amẹ́ríkà lẹ́yìn tó bá ti ń gbé níbí. Texas wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pààrọ̀ tiwọn láìsí ìdánwò. Ẹni tó ní ti Florida yóò ṣe ìdánwò ìwé. Ẹni tó ní ti New York tàbí California yóò ṣe ìdánwò méjèèjì, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré. Kó má fi falẹ̀.

Lójú títì: níbi tí kò bá ti sí àmì, ẹni tó ń bọ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún ló kọ́kọ́ ń lọ, kódà bó bá ń jáde láti ojú ọ̀nà kótópó. Kò sí pé èèyàn ń yà sọ́tùn-ún nígbà tí iná bá pupa bíi ti Amẹ́ríkà, àyàfi níbi tí àmì ọfà kékeré aláwọ̀ ewé bá wà, ẹ ó sì dúró pátápátá ná. Lórí Autobahn, ìyẹn títì márosẹ̀ ńlá wọn, ẹ má gba ọwọ́ ọ̀tún kọjá ọkọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí epo tán níbẹ̀, wọ́n lè bu owó ìtanràn lé yín. Bó bá ń fẹsẹ̀ rìn, kó dúró de iná, pàápàá bí ọmọdé bá wà nítòsí. Àwọn ìyá níbí yóò bá a wí lójú gbogbo èèyàn, ẹ̀yìn wọn ni mo sì wà.

Ìyá Ìbejì (Ludwigsburg)

Ọ̀rọ̀ fèrèsé yẹn, ẹ má jẹ́ kó borí yín. Ògiri ilé ibí nípọn, fèrèsé wọn sì ń dí pinpin, ooru omi tẹ́ ẹ fi wẹ̀ àti èyí tẹ́ ẹ fi se oúnjẹ kò rí ibi gbà jáde. Bó bá dúró sínú ilé, ògiri á bu, onílé á sì ní kẹ́ ẹ tún un ṣe. Ẹ pa ẹ̀rọ amúlégbóná, ẹ ṣí fèrèsé gbayawu fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹ tì í padà. Ẹ ṣe é láàárọ̀ àti lálẹ́. Ògiri kò ní tutù láàárín ìgbà yẹn, owó iná kò sì ní wọ́n.

Ẹ wá gbọ́ àǹfààní tiwa níbẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ń din ata, tàbí tẹ́ ẹ fi irú sínú ẹ̀fọ́, fèrèsé ṣíṣí yìí ló máa gbà yín. Ọjọ́ tí ọkọ yín bá jẹ ẹ̀fọ́ onírú nínú fúláàtì tí wọ́n tì pa, òun fúnra rẹ̀ ni yóò dìde lọ ṣí i.

Ẹ má kó bulẹ́ńdà Houston ki ara iná o. Iná ibí 230 fólítì ni, tọ̀hún 120. Fóònù àti kọ̀ǹpútà máa ń gba méjèèjì, ṣùgbọ́n bulẹ́ńdà, ẹ̀rọ ìgbẹrun àti ẹ̀rọ ìserẹsì kì í gbà á. Ẹ ra tuntun níbí.

Nọ́ọ̀sì Köln

Mo gbádùn ọkọ yín, ẹ bá mi kí i. Ibi tí yóò ti rí ẹni kí wà: bẹ́ ẹ bá wọ yàrá ìdúró dókítà, kó kí gbogbo èèyàn "Guten Tag," wọ́n á dá a lóhùn. Kó tún sọ pé ó dàbọ̀ nígbà tó bá ń jáde. Ẹni tó wọlé láìkí, wọ́n á wò ó.

Kó má bínú bí dókítà bá ní kó lọ mu tíì, kó sùn. Mo ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú wọn, ohun tí wọ́n ń sọ fún ara wọn náà nìyẹn. Kò sí paracetamol ní súpámákẹ́ẹ̀tì, ilé oògùn nìkan ló ń tà á, páálí oníhóró 20 ni wọ́n sì máa ń fún yín láìsí ìwé dókítà. Igo ńlá oníhóró 500 tí wọ́n ń rà ní Amẹ́ríkà, kó gbàgbé ẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ṣàìsàn, kó jókòó sílé. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà tí mo mọ̀ ń bẹ̀rù láti jókòó sílé, wọ́n á máa wúkọ́ wá síbi iṣẹ́, àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn á sì máa bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n padà. Ọ̀gá ń san owó oṣù pípé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nígbà tí èèyàn bá ní ìwé dókítà. Ẹ̀tọ́ ni.

Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò ní kí i ṣáájú ọjọ́ náà, wọ́n ní kì í bá oríire lọ. Tí ọjọ́ bá pé, òun tó ń ṣọjọ́ ìbí ni yóò gbé àkàrà òyìnbó lọ síbi iṣẹ́, òun ni yóò bọ́ wọn. Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú, tiyín nìyí, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.

Èyí tó kù: bí àwọn ará ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá pè é lọ sí sauna, yàrá gbígbóná tí wọ́n ti ń jókòó làágùn, ẹ sọ fún un kó tó kúrò nílé pé wọn kì í wọ nǹkan kan níbẹ̀, ọkùnrin àti obìnrin, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́. Ọmọ Ohio kan tí mo mọ̀ bá ọ̀gá rẹ̀ obìnrin pàdé níbẹ̀. Ìyẹn ń bi í nípa iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi jíṣẹ́ ní Fúráìdè, òun ń dá a lóhùn, ó sì ń wo àjà ilé. Ó sọ fún mi pé òun mọ iye pákó tó wà ní àjà yẹn títí dòní. Kò sẹ́ni tó fipá múni, kó sọ pé òun kò ráyè.

Ìyàwó Texas (Stuttgart)

Mo ka ti sauna yẹn fún un, ó ní ká jọ̀ọ́ ká padà sórí ọ̀rọ̀ fèrèsé.

Ó ní kí n bi yín: ṣé wọ́n lè yin bànngà ní July 4, ọjọ́ òmìnira Amẹ́ríkà? Ó ti ń wá ibi tí wọ́n ti ń tà á. Àti pé, ní Thanksgiving, àjọ̀dún ìdúpẹ́ wọn, ibo la ti máa rí tòlótòló odidi?

Bàbá Ológun (Kaiserslautern)

Kó má dán an wò ní July. Níbí, ọjọ́ mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún ni wọ́n ń tà á fún ará ìlú, December 31 àti January 1 ni wọ́n sì lè yìn ín. Láìjẹ́ pé èèyàn gba àṣẹ pàtàkì, ọlọ́pàá ni yóò wá bá a ṣàjọ̀dún. Kó fi sùúrù dúró de alẹ́ December 31. Kò ní gbà pé ará Jámánì tó ń wí fún un pé kó má lu ògiri ní Sọ́ńdè ló ń yin gbogbo èyí lójú títì. Kó dúró sẹ́yìn díẹ̀ o, wọ́n ń yìn ín láti ọwọ́.

Ní ti tòlótòló, ẹ̀yà rẹ̀ ló wọ́pọ̀ ní súpámákẹ́ẹ̀tì, odidi ṣọ̀wọ́n títí di àsìkò Kérésì. Ẹ lọ bá alápatà àdúgbò yín ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, kẹ́ ẹ sọ iye kílò tẹ́ ẹ fẹ́. Kílò o, kì í ṣe pọ́n-ùn: ọ̀rẹ́ mi ọmọ Georgia yẹn ní kí wọ́n bá òun wá ti 15, alápatà sì bi í bóyá ilé ìwé ló fẹ́ bọ́. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ wọn inú ààrò iná yín. Tèmi níbí, ti kílò mẹ́fà ló gbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kan ilẹ̀kùn.